Bí Wọ́n Bá Ní Kí Ẹ Yà Sẹ́gbẹ̀ẹ́: Agbára Ẹ̀ṣọ́, Ẹ̀tọ́ Awakọ̀ àti Owó Ìtanràn

Orí yìí wà fún ẹni tó ń wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà láàrin Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó fẹ́ mọ ohun tí òun máa ṣe nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá nawọ́ sí i pé kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ìwé tí ẹ máa fi bá ọlọ́pàá fa wàhálà, kì í sì í ṣe ọ̀nà àbùjá fún ẹni tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta. Orí ohun kan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: ẹ̀ṣọ́ ló lágbára láti dá ọkọ̀ dúró, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì mú awakọ̀ tó bá fura sí; adájọ́ ló lágbára láti sọ pé awakọ̀ náà jẹ̀bi. Ẹni tó bá da agbára méjèèjì pọ̀ á máa jà níbi tó yẹ kó ti gbọ́ràn, á sì máa yọwó níbi tó yẹ kó ti béèrè ìwé. Láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun títí dé oríta Ìwàràjà, inú ìdàpọ̀ agbára méjèèjì yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú ìyà tó ń jẹ awakọ̀ ti ń wá.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní kí ẹ tó tan mọ́tò

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Láísẹ́ǹsì awakọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, rọ́ọ̀dù wọ́tì àti inṣọ́ránsì. Ọkọ̀ akérò á fi hákínì pámíìtì kún un. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan níbi tí ọwọ́ yín á ti kàn án láìwá a kiri, nítorí awakọ̀ tó ń tú gbogbo inú mọ́tò nígbà tí ẹ̀ṣọ́ dúró tì í ti ń fún un ní ìdí láti fura. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn sílé, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn sórí fóònù. Ẹ̀dà kì í rọ́pò ojúlówó lójú títì, ṣùgbọ́n òun lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ bí ojúlówó bá sọnù sí tésàn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan máa kú sórí páálí kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpò náà. Awakọ̀ tí kò mọ̀ pé rọ́ọ̀dù wọ́tì òun kú lóṣù tó kọjá pọ̀ ju awakọ̀ tó mọ̀ọ́mọ̀ wa ọkọ̀ láìní ìwé lọ.

Inṣọ́ránsì ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù, nítorí òun ni ayédèrú rẹ̀ rọrùn jù láti rà. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni tádì pátì fún ọkọ̀ àdáni ti di N15,000, tí ó sì ń gbé tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí ẹ bá bà jẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá sì ti kéde pé àwọn á máa yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ra bébà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn nítorí pé ó dín owó kù lè rí i pé orúkọ ọkọ̀ òun kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ tẹ nọ́mbà ọkọ̀ yín sí askniid.org, kí ẹ wò ó bóyá ó gbé e jáde. Bí kò bá gbé e jáde, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn ìwé, ohun èlò: agolo apaná tí agbára rẹ̀ kò tíì tán, sí-kọ́ṣọ̀n, jáàkì, sìpíà táyà tó léfẹ̀ẹ́, wípà tó ń nù, iná iwájú àti iná ẹ̀yìn tó ń tàn, bẹ́líìtì tó ń há. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ máa rí nọ́mbà mẹ́rin tí wọ́n fi ìlà yí ká. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, táyà náà sì ti gbó, ì báà tilẹ̀ ṣì ní eyín, ì báà sì jẹ́ pé òní ni wọ́n kó o kúrò nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù tòkúnbọ̀. Ọlọ́kadà nílò akoto, fún ara rẹ̀ àti fún ẹni tó gbé sẹ́yìn. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú àwọn ọlọ́kadà dé akoto ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, àwọn kan gé igbá dé sórí, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Wọ́n rò pé nítorí ẹ̀ṣọ́ ni akoto ṣe wà. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára ẹni tó ń fa bẹ́líìtì kọ́rùn nígbà tó bá rí aṣọ ẹ̀ṣọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, tó sì ń tú u lẹ́yìn tó bá kọjá.

Ẹ ní bírò àti ìwé kékeré kan. Ẹ kọ nọ́mbà fóònù ẹbí kan àti ti agbẹjọ́rò kan sínú rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá gba fóònù yín, nọ́mbà inú rẹ̀ kò wúlò mọ́. Nọ́mbà 122 ni ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fún ìjàǹbá, kò sì gba owó.

Ta ló ní àṣẹ, ibo ni àṣẹ náà pin sí?

Ọlọ́pàá lè dá yín dúró níbikíbi, ó sì lè mú ẹni tó bá ní ìdí gidi láti fura sí pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ẹkùn RS11 rẹ̀ ní olú ilé-iṣẹ́ ní Òṣogbo, gba àṣẹ tirẹ̀ láti inú òfin ọdún 2007 tó fún un lágbára láti mú ẹni tó bá fura sí fún ẹ̀ṣẹ̀ ìrìnnà, kó sì gbé e lọ sí kóòtù. VIO jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe yẹ ní wíwà sí ni iṣẹ́ tirẹ̀. Sójà àti Àmọ̀tẹ́kùn tó dúró lójú ọ̀nà, nítorí ààbò ìlú ni. Ẹ dúró fún wọn, ẹ dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ìwé ìtanràn kì í ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn agbowó kánsù kò ní agbára kankan láti mú yín tàbí láti yọ nọ́mbà ọkọ̀ yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí owó orí àti owó ìlú tó jáde ní 1998 fòfin de dídí ojú ọ̀nà láti gba owó, ó sì ní ẹni tó bá ṣe é lè san N50,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ẹ má tìtorí ìyẹn fi mọ́tò gba agbowó tó na igi síwájú yín o. Ẹ rọra kọjá bí àyè bá wà. Bí kò bá sí, ẹ san án, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ kọ ibi àti wákàtí sílẹ̀, kí ẹ sì lọ fẹjọ́ sùn.

Àwọn kan ń sọ pé gbogbo wọn, owó ni wọ́n ń wá. Ìbẹ̀rẹ̀ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò sọ bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn wà lára ohun tó mú Wọlé Ṣóyínká dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1977, nígbà tí Òṣogbo àti Iléṣà ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni alága àkọ́kọ́ ìgbìmọ̀ rẹ̀. Pé àwọn kan ń fi aṣọ náà ṣòwò lónìí jẹ́ òótọ́, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àṣẹ wọn pin sí. Kì í ṣe ìdí láti má dúró.

Ibi tó pin sí ti wà nínú ìdájọ́. Ní ọdún 2014, Adájọ́ James Tsoho ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó sọ nínú ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò kan pe àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó pé àjọ náà kò lè dá awakọ̀ lẹ́bi kó sì bu ìtanràn lé e. Iṣẹ́ kóòtù ni. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2024, Adájọ́ Evelyn Maha l'Ábújá pàṣẹ pé kí àwọn VIO ibẹ̀ yéé dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n yéé gba ọkọ̀, kí wọ́n sì yéé bu ìtanràn lé awakọ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbọ́ ìròyìn yìí lórí rédíò, wọ́n sì gbà pé VIO ti kú nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra. Ilé-iṣẹ́ ti Abújá àti òfin tó dá a sílẹ̀ ni ẹjọ́ yẹn dá lé lórí. Abẹ́ òfin ìpínlẹ̀ ni VIO ti Ọ̀ṣun ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi ìròyìn Abújá kọ̀ láti dúró ní Òkè-Fìà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹ̀sùn tuntun. Ẹ̀kọ́ tí ẹ lè mú nínú ìdájọ́ méjèèjì ni pé ìwé tí ẹ̀ṣọ́ kọ fún yín jẹ́ ẹ̀sùn. Kò tíì di ìdájọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dúró, ṣùgbọ́n ẹ dúró dáadáa

Ẹ tan tírafikétọ̀, ẹ wo dígí ẹ̀yìn, kí ẹ tó yà. Lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà sí Àkúrẹ́, tírélà lè wà lẹ́yìn yín tí kò lè dúró bí ẹ̀yin ṣe lè dúró, ẹ̀ṣọ́ tó nawọ́ lójijì níbi kọ́ọ̀nà kò sì ní ru òkú yín. Bí ibi tó nawọ́ kò bá dára, ẹ dín eré kù, ẹ nawọ́ síwájú kó mọ̀ pé ẹ ti rí i, kí ẹ lọ dúró níbi tí títì ti fẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì sórí síárìn. Bí ó bá jẹ́ òru, ẹ tan iná inú ọkọ̀ kí wọ́n lè rí yín, kí ọkàn ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́ lè balẹ̀.

Òru ló ń gba làákàyè jù. Ẹ̀ṣọ́ gidi máa ń ní ọkọ̀ tí wọ́n kọ nǹkan sí lára, aṣọ iṣẹ́, àti ohun tó ń dán nínú iná. Bí ẹ bá rí igi lásán lójú ọ̀nà láàrin igbó, tí ẹ kò rí aṣọ, tí ẹ kò rí ọkọ̀, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn tán kí ẹ tó pinnu. Ẹ dúró lókèèrè pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ mìíràn, tàbí kí ẹ padà sí ìlú tí ẹ kọjá kẹ́yìn, kí ẹ sì sọ fún ọlọ́pàá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dé iwájú ẹ̀ṣọ́, ẹ má yípo, ẹ má sì tẹná. Sísá fún ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn ti pa ẹni tí kò jẹ gbèsè ju láísẹ́ǹsì tó kú lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kí i, ẹ wo orúkọ rẹ̀, ẹ fún un níwèé

“Ẹ kú iṣẹ́ sà” kò dín ẹ̀tọ́ yín kù. Ẹ wo orúkọ àti nọ́mbà tó wà láyà rẹ̀, kí ẹ sì há a sórí. Bí ó bá ní “Dírẹ́bà, pátíkúlà dà?” ẹ nà á sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe béèrè. Ẹ má kó gbogbo àpò lé e lọ́wọ́, nítorí ìwé tí ẹ kò mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ kò ní lè béèrè. Ẹni tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, bó ti wù kó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ wọn ló dúró sí, ẹ má fún un ní ojúlówó.

Àwọn àṣìṣe tó ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá, níbí ni wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀. Èkíní ni ìjàkadì lórí kọ́kọ́rọ́ tàbí síárìn. Bí ẹ̀ṣọ́ bá na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó mú un. Kò dára bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè fẹjọ́ sùn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n mọ́tò tí ènìyàn méjì ń wà lẹ́ẹ̀kan náà lè pa ẹlẹ́kọ tó ń kọjá lọ. Èkejì ni gbígbé ẹ̀ṣọ́ sá lọ pẹ̀lú ọkọ̀: ẹ̀sùn ìrìnnà N3,000 á di ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn ní kíá. Ẹ̀kẹta ni pípe ọ̀gá kan l'Ábújá kó wá bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù yín. Ẹni tí kò ní ọ̀gá l'Ábújá ní ìwé òfin kan náà tí ẹ ní, ẹ̀ṣọ́ tí ẹ bá sì fi ọ̀gá kàn lábùkù á wá nǹkan mìíràn tí yóò kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ béèrè ẹ̀ṣẹ̀ yín, ẹ gba ìwé rẹ̀

Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe?” Abala 36(12) nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún ohun tí òfin tí a kọ sílẹ̀ kò pè ní ẹ̀ṣẹ̀, tí kò sì so ìyà mọ́. Nítorí náà “O ń ṣe agídí” kì í ṣe ẹ̀sùn. Ìwé ìtanràn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan: SLV ni eré àsápajúdé, OVL ni àpọ̀jù ẹrù tàbí èrò, UPD ni fóònù lórí ìrìn, DLV ni ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì. Nígbà tó bá ń kọ ọ́, ẹ ka ohun tó ń kọ: orúkọ yín, nọ́mbà ọkọ̀, ibi, wákàtí, lẹ́tà ẹ̀ṣẹ̀, iye owó, ohun tó gbà lọ́wọ́ yín, orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ìlà ohun tó gbà yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Bí ó bá gba láísẹ́ǹsì yín tí kò kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ rán an létí kó tó já ìwé náà fún yín. Láìsí i, kò sí ohun tó fi hàn pé láísẹ́ǹsì wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pinnu, ẹ san tàbí ẹ lọ kóòtù

Kí ẹ tó sọ pé ẹ kò jẹ̀bi, ẹ bi ara yín léèrè bóyá òótọ́ ni. Òfin ìrìnnà ti 2012 fi 50 kìlómítà ní wákàtí kan sí ọkọ̀ àdáni nínú ìlú, 80 sí ọ̀nà ńlá, 100 sí ọ̀nà márosẹ̀ onílà méjì. Bọ́ọ̀sì àti táksí kò gbọ́dọ̀ kọjá 90 lórí márosẹ̀ náà. Táńkà àti tírélà kò gbọ́dọ̀ kọjá 45 nínú ìlú, 50 lọ́nà ńlá, 60 lórí márosẹ̀. Ẹni tó sá 75 láti Ọlá-Ìyá dé Ìgbọ̀nà kò ní ẹjọ́ kankan láti rò, ó kàn ní owó láti san ni.

Nínú ètò ìtanràn àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún mélòó kan, àìde bẹ́líìtì àti àìdé akoto jẹ́ N2,000. Eré àsápajúdé àti táyà tó gbó jẹ́ N3,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fóònù jẹ́ N4,000. Ẹni tó gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní wọ́n-wéè, á san N5,000. Láísẹ́ǹsì àti àpọ̀jù èrò, N10,000. Ayédèrú ìwé, N20,000. Ìwakọ̀ tó lè pa ènìyàn, N50,000. Ilé ìwòsàn tó bá kọ ẹni tó fara pa nínú ìjàǹbá náà á san N50,000. Bí ìjọba bá yí i padà, iye tó wà lára ìwé tí wọ́n fún yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Yàtọ̀ sí owó, máàkì wà tí wọ́n ń kọ mọ́ orúkọ yín: ẹni tó bá ti ní 10 sí 14 á gba ìkìlọ̀, 15 sí 20 wọ́n á dá láísẹ́ǹsì rẹ̀ dúró, láti 21 lọ sókè wọ́n á gbà á. Wọ́n-wéè nìkan ń gbé máàkì 10. Awakọ̀ tó bá ń sanwó láìka máàkì lè bá ara rẹ̀ níbi tí kò rò.

Bí ẹ bá gbà pé ẹ jẹ̀bi, ẹ lọ sanwó sí báńkì tàbí ọ̀nà ìsanwó ìjọba tí ìwé náà dárúkọ, kí ẹ fi rìsíìtì gba ohun yín padà. Ẹ má san án sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, ẹ má sì fi POS san án sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn. Ọlọ́pàá ní tirẹ̀ kò ní ìwé ìtanràn tó ń já lójú títì. Bó bá ní ẹ ṣẹ̀, tésàn àti kóòtù ni ọ̀nà tirẹ̀. Bí ẹ kò bá gbà pé ẹ jẹ̀bi, ẹ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí kóòtù gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ohun tó wà lójú títì, ẹni tó wà nínú ọkọ̀, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, àmì ojú ọ̀nà tó wà tàbí tí kò sí. Ẹ padà lọ ya fọ́tò àmì náà. Ní kóòtù alágbèéká, ẹjọ́ kì í pẹ́, ẹ̀yin náà kò sì ní àkókò láti máa rántí nǹkan níbẹ̀.

“Kóòtù á gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi, N1,000 tí mo bá fi sáàárín láísẹ́ǹsì á tán an.” Àtakò tó lágbára jù nìyí, kò sì yẹ ká fi ẹnu lásán bo ó mọ́lẹ̀. Owó ọjọ́ kan ọlọ́kadà tàbí awakọ̀ Iléṣà sí Òṣogbo kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó dópin. N1,000 náà kò tún láísẹ́ǹsì yín ṣe, ibi ìdúró tó tẹ̀ lé e á béèrè tirẹ̀, lọ́la á tún béèrè. Kò ní rìsíìtì, nítorí náà kò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fífún ẹ̀ṣọ́ ní rìbá fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ N10,000 sí nínú ìwé ìtanràn, ó sì tún jẹ́ ìwà ọ̀daràn níwájú ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu. Ẹ̀ṣọ́ tó bá gbà á lónìí lè jẹ́ ẹni tó ń dán yín wò. Ohun tó dín owó kù jù ni ìwé tó péye. Awakọ̀ tí ìwé rẹ̀ pé kò ní ohun tó ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Bí ẹ̀ṣọ́ bá tẹnu mọ́ ọn láìsí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ dúró, ẹ má bínú, ẹ béèrè ìwé ẹ̀sùn. Ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ kọ orúkọ ara wọn sórí irọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí wọ́n bá mú yín

Ẹ béèrè tésàn tí wọ́n ń gbé yín lọ, ẹ pe ilé kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì wá ọ̀nà fún àwọn èrò yín, pàápàá ọmọdé. Abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló máa ṣiṣẹ́ fún yín láti ìgbà náà lọ. Ẹ lè dákẹ́ títí ẹ ó fi rí agbẹjọ́rò tàbí ẹni tí ẹ yàn. Láàrin wákàtí 24 wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú yín sílẹ̀ fún yín, ní èdè tó yé yín. Ìyá arúgbó láti Ìbòkun tí kò gbọ́ èdè òyìnbó kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ka sí ìwé tí wọ́n kò kà fún un. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé yín dé kóòtù ní ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàrin 40 kìlómítà, tàbí ọjọ́ méjì bí kò bá sí. Májísíréètì ń jókòó ní Òṣogbo, wọ́n ń jókòó ní Iléṣà, ìlú méjèèjì kò sì jìnnà síra wọn tó 40 kìlómítà. Ẹni tí wọ́n bá mú láàrin wọn, ọjọ́ kan ni tirẹ̀. Ibi tí èyí ti ń bàjẹ́ ni ọjọ́ Jímọ̀: bí wọ́n bá mú yín lọ́sàn-án Jímọ̀, kí ẹni yín tètè dé tésàn fún béèlì kí ọjọ́ iṣẹ́ tó parí, nítorí kóòtù kò ní jókòó títí di ọjọ́ Ajé.

Béèlì kì í gba owó. Onídùúró ni wọ́n máa béèrè. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ tìtorí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin kọ̀ ọ́ ní onídùúró, nítorí náà ìyàwó yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin lè dúró fún yín. Òfin náà tún ní a kò gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Bí awakọ̀ bá sá, kò tọ́ kí wọ́n ti kọ̀ǹdọ́ tàbí àbúrò rẹ̀ mọ́lé. Bí ẹ kò bá lówó agbẹjọ́rò, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council.

Ìkìlọ̀ tó wúwo jù: bí ènìyàn bá fara pa

Ẹ dúró, ẹ tan iná ewu, ẹ gbé sí-kọ́ṣọ̀n sẹ́yìn, ẹ pe 122. Àìsọ ìjàǹbá fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó jẹ́ N20,000, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni nǹkan níbí. Ẹ má gbé ẹni tó fara pa lọ́rùn tàbí lẹ́yìn nígbékúgbèé. Bí kò bá sí ìrànlọ́wọ́ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbé e pọ̀ ní títọ́, kí ẹ gbé e lọ sí Wesley Guild ní Iléṣà tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN ní Òṣogbo, èyí tó bá sún mọ́ jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ lè fi ibi ìjàǹbá náà sílẹ̀ ni bí àwọn ènìyàn bá ń kó igi àti òkúta bọ̀. Nígbà náà tésàn tó sún mọ́ jù ni kí ẹ lọ tààrà, kì í ṣe ilé yín. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ wákàtí tí ẹ dé sílẹ̀, nítorí wákàtí yẹn ni yóò fi hàn pé ẹ kò sá. Bí ẹnìkan bá kú, ìwé ìtanràn kò tó o mọ́. Ẹjọ́ ọ̀daràn ni, tó lè mú ẹ̀wọ̀n wá. Ẹ tọ́jú ẹbí òkú, ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú àgbà, ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé ìwé àdéhùn láàrin ẹbí méjì ti pa ẹjọ́ ìjọba. Ẹ wá agbẹjọ́rò lọ́jọ́ náà, ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu yín sílẹ̀ fún ọlọ́pàá kó tó dé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gbígba ọkọ̀ yín padà

Nígbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ yí po, títí kan nọ́mbà kìlómítà àti inú bọ́ọ̀tù. Ẹ kó owó, fóònù àti ẹrù èrò jáde. Ẹ gba ìwé tó sọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ lọ pẹ̀lú mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ náà, lójúmọmọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gbà á, ẹ wo bátìrì, sìpíà táyà, jáàkì àti rédíò, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ búréèkì kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Ohun tó bá dín, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí i, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín.